Abẹ́ Òkúta, Orí Òkè: Ẹwà Ilẹ̀ àti Ibi Àdúrà Ìjọ Àgùdà láti Tudu dé Ìdáàṣà

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iyì ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ó kọ́kọ́ lọ dúró ní Tudu, ní àárín gbùngbùn ìlú Accra, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Aflao, ẹnu ibodè Gánà àti Tógò, ti ń kó èrò. Àwọn agbèrò ń ké orúkọ ìlú, àwọn alábàárù ń tọrọ ọ̀nà, àwọn tí ń ta omi inú ọ̀rá ń na ọwọ́ sí ojú fèrèsé ọkọ̀, ariwo ọjà Makola tí kò jìnnà síbẹ̀ sì ń dà lu gbogbo rẹ̀. Ní èdè Haúsá, tudu ni ilẹ̀ gíga tàbí òkè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró sí Tudu lónìí, tí ó ń wo ọ̀tún wo òsì, kò lè sọ pé òkè ni òun wà. Ilé, páànù, ọkọ̀ àti agboòrùn àwọn ọlọ́jà ti bo ojú ilẹ̀. Orúkọ nìkan ni ó ń jẹ́rìí pé ilẹ̀ gíga kan wà níbẹ̀ rí.

Kò jìnnà sí Tudu ni Adabraka wà, níbi tí Kàtídírà Ẹ̀mí Mímọ́, ìjókòó Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìjọ Àgùdà ti Accra, wà. Láti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ ti máa ń jáde lọ sí ìgbèríko láti lọ gbàdúrà: lọ sí ihò àpáta, sí etí omi, sí ilé àwọn mọ́ńkì láàrin igbó. Àwọn ìwé pélébé tí ó ń pè wọ́n síbẹ̀ kì í yé ṣàpèjúwe bí ilẹ̀ náà ṣe lẹ́wà tó: òkúta ràbàtà, igi tútù, atẹ́gùn tí ó mọ́. Àpèjúwe náà kì í ṣe irọ́. Ohun tí mo rí sí i ni pé kò sọ bí ẹwà náà ṣe débẹ̀, kò sì sọ ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ títí tí ìjọ fi bá a.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àròkọ yìí kò pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ibi àdúrà ìjọ Àgùdà tí a mọ̀ fún ẹwà ní apá ibi tiwa ní Áfíríkà, ìjọ kọ́ ni ó dá ẹwà náà sílẹ̀, ìṣẹ̀dá nìkan kọ́ sì ni ó pa á mọ́. Àwọn ènìyàn tí wọ́n sá di òkè nígbà ogun, tí wọ́n sì fi èèwọ̀ ṣọ́ igbó, ni wọ́n pa á mọ́. Ohun mẹ́ta ni ìjọ rí jogún níbẹ̀: òkúta, orúkọ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó ti tọ́jú òkúta. Ní àwọn ibì kan ó tọ́jú orúkọ pẹ̀lú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó kù tí ó wà nínú ewu, ọ̀nà tí ìjọ ń gbà tọ́jú rẹ̀ sì ni ó yẹ kí a máa fi díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwa olùkọ́ èdè mọ̀ jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún kí ènìyàn fi iṣẹ́ àti ẹbí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó lọ dá wà pẹ̀lú Ọlọ́run. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kí ènìyàn fà sẹ́yìn. Ní èdè Yorùbá, àbùkù ni ìfàsẹ́yìn. Ọmọ tí kò tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni a ń sọ pé ó fà sẹ́yìn. Ẹni tí ó padà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́ ni apẹ̀yìndà. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ fi kàn ń yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò. Àwọn mìíràn a sì sọ pé orí òkè ni àwọn ń lọ, kódà bí ibi tí wọ́n ń lọ bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Nínú èdè ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, orí òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa gíga ilẹ̀ mọ́. Ó ti di orúkọ fún ibi tí a ti ń gbàdúrà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni orúkọ ibi náà fúnra rẹ̀. Ìwé òfin ìjọ Àgùdà tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì fọwọ́ sí ní ọdún 1983 sọ, ní orí 1230, irú ibi tí a lè kà sí ibi ìrìnàjò mímọ́: ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ibi mímọ́ mìíràn tí àwọn onígbàgbọ́ ń wọ́ lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ nítorí ìfọkànsìn pàtàkì kan, tí bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ sì fọwọ́ sí. Bí a bá ní kí a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láìṣojúsàájú, ojúbọ ni ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ. Ìjọ kò lò ó, nítorí òrìṣà ni ojúbọ ń mú wá sí ọkàn. Ibi mímọ́ ni wọ́n yàn. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun tí òfin náà fi ń mọ ibi mímọ́: ọ̀pọ̀ èrò àti ìfọwọ́sí. Kò sọ ohunkóhun nípa ilẹ̀, igi tàbí omi. Ojúbọ ní tirẹ̀, bí àpẹẹrẹ nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, kò ṣeé yà kúrò lára ilẹ̀ tí ó wà; bí a bá gé igbó náà, a ti ba ojúbọ jẹ́, kódà bí ère kò bá ṣí nípò.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ẹwà. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ẹwà ilẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá fetí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa òkè, ẹwà kọ́ ni ó máa ń ṣáájú. Ààbò ni. Àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kiri kò torí ìrísí tẹ̀dó sí ìdí Olúmọ ní ọdún 1830. Wọ́n ń wá ibi tí ọ̀tá kò ti ní rí wọn mú. Òkè tí ó gbani là ni òkè tí a ń bọ, òkè tí a ń bọ sì ni a kì í dáná sun igbó orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Bíbélì Yorùbá tí ó gbé gbogbo èyí dání, tí a kò sì lò tó bí ó ti yẹ: ìsádi. Láti inú sá di ni ó ti wá. Ẹni tí ó sá di nǹkan sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fà sẹ́yìn. Ó mọ ibi tí òun ń sá lọ. Bí ó bá jẹ́ èmi ni a bi, ibi ìsádi ni ǹ bá máa pe irú àwọn ibi àdúrà wọ̀nyí ní èdè wa.

Abẹ́ òkúta ní Tanoboase

Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ wà ní ìhà àríwá, nítòsí ìlú Techiman, ní ẹkùn tí a ń pè ní Ìlà Oòrùn Bono láti ọdún 2019. Níbẹ̀, ní ọdún 1989, ni àwọn mọ́ńkì ẹgbẹ́ Bẹ́nẹ́díìtì láti Bìrìtéènì dá ilé àdúrà kan sílẹ̀ láàrin àwọn òkúta gìrìwò-gìrìwò. Ilé náà ní àyè fún àlejò tí ó bá fẹ́ wá dá wà, oko kajú sì wà lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kristo Buase ni wọ́n sọ ilé náà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí wọ́n sọ orúkọ yìí wo ilé dáadáa. Abúlé tí ó wà nítòsí ni Tanoboase. Ní èdè Akan, ọ̀rọ̀ fún òkúta wà nínú orúkọ náà, ase sì ni ìsàlẹ̀ tàbí abẹ́. Tano ni odò àti òrìṣà tí ọlá rẹ̀ tàn ká ilẹ̀ Akan, láti agbègbè yìí ni odò náà sì ti sun. Igbó Tano wà níbẹ̀ títí di òní, ìtàn àwọn Bono sì sọ pé inú àwọn òkúta rẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn sá sí nígbà ogun àti nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ń dọdẹ ènìyàn. Tanoboase: Tano abẹ́ òkúta. Kristo Buase: Kristi abẹ́ òkúta.

Kí ni ó yẹ kí èyí sọ fún Yorùbá? Abẹ́òkúta ni. Akan fi òkúta ṣáájú, ó fi abẹ́ tẹ̀ lé e. Yorùbá fi abẹ́ ṣáájú, ó fi òkúta tẹ̀ lé e. Ìlànà gbólóhùn àwọn èdè méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn tó ni wọ́n rí kò yàtọ̀. Ogun lé ènìyàn, òkúta gbà á, ènìyàn sì sọ ibùgbé rẹ̀ ní orúkọ ibi tí ó ti rí ìyè. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ Abẹ́òkúta láìsọ ti Tanoboase fún un ti fi ìdajì ẹ̀kọ́ náà dù ú.

Ìyàtọ̀ orí àti abẹ́ yìí ṣe pàtàkì. Nínú ìtàn ìjọ, ọ̀pọ̀ ló wá Ọlọ́run lọ sí orí òkè. Fransísì ti Ásísì gun òkè La Verna ní ọdún 1224. Charles de Foucauld kọ́ ahéré sí orí Assekrem nínú aṣálẹ̀ Àlùjéríà ní ọdún 1911, kí wọ́n tó pa á ní Tamanrasset ní ọdún 1916. Ẹni tí ó gun òkè fẹ́ kí ojú òun ríran jìnnà. Ṣùgbọ́n Bẹ́nẹ́díìtì fúnra rẹ̀, baba gbogbo àwọn mọ́ńkì wọ̀nyí, kò bẹ̀rẹ̀ ní orí òkè. Inú ihò àpáta ní Subiaco, ní ilẹ̀ Ítálì, ni ó fara pamọ́ sí nígbà èwe rẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ó wọ abẹ́ òkúta fẹ́ kí a bo òun. Àwọn mọ́ńkì tí wọ́n wá sí ilẹ̀ Bono kò nílò láti fi ipá mú ìtàn wọn bá ti ibẹ̀ mu. Abẹ́ òkúta ni ìtàn méjèèjì ti pàdé.

Mo ka ìwà wọn sí àtàtà ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kò kọ́lé sórí igbó Tano. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Àwọn òkúta tí ó yí wọn ká ṣì jẹ́ òkúta. Ìlànà àwọn Bẹ́nẹ́díìtì sì fi ààlà sí ibi tí àlejò lè dé àti ibi tí kò lè dé, ó fi àkókò sí ọ̀rọ̀ sísọ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí a bá fẹ́ pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀, èèwọ̀ ni. Mọ́ńkì lè má fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọmọ Bono tí ó bá dé ẹnu ààlà yẹn, tí wọ́n sọ fún un pé a kì í kọjá ibí, yóò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà

Àpẹẹrẹ kejì wà ní òpin ọ̀nà tí ó jáde ní Tudu gan-an. Ọkọ̀ tí ó gbéra níbẹ̀ ń lọ sí Aflao. Láti Aflao a wọ Lomé, láti Lomé a dé Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti ibẹ̀ a yà sí àríwá nǹkan bí igba kìlómítà kí a tó dé Ìdáàṣà, tí àwọn Faransé ń kọ ní Dassa-Zoumé. Ọ̀nà Aflao yìí ní ìtàn tí ó korò. Òun ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n ń ṣòwò ní Accra gbà padà sílé lẹ́yìn tí ìjọba Busia gbé òfin àwọn àlejò jáde ní 18 oṣù kọkànlá 1969, tí ó fún ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Òun náà ni àwọn ọmọ Gánà gbà nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé wọn ní oṣù kìíní 1983. Àwọn tí wọ́n rìn ín ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn mọ bí ó ti rí kí ìlú tí ènìyàn sá di yí padà kí ó lé e.

Ìdáàṣà jẹ́ ìlú olókè. Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi ń kì í. Yorùbá ni èdè àwọn ará ibẹ̀, pẹ̀lú ohùn tiwọn, ìtàn wọn sì tọ́ka sí Jagun Ọlọ́fin, ẹni tí ó ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dá ìdílé ọba wọn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lẹ́rú ní gbogbo agbègbè yẹn, orí àwọn òkè wọ̀nyí ni ìsádi wọn. Àwọn òrìṣà ibẹ̀ kò sì kéré: Nàná Bùkúù ní ojúbọ níbẹ̀, ìtàn Dàhòmì fúnra rẹ̀ sì gbà pé láti ìhà Ìdáàṣà ni wọ́n ti mú Sakpata, tí Yorùbá ń pè ní Ṣànpọ̀nná, wọ Àgbómẹ̀.

Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Àgùdà gbé ère Màríà sí inú ihò àpáta kan ní ọdún 1954, ọdún tí ìjọ káàkiri ayé ń ṣe àyájọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ̀kọ́ Oyún Aláìlábàwọ́n. Màríà Arigbo ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹjọ, ní àsìkò àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà, èrò a máa wọ́ wá síbẹ̀ láti Bẹ̀nẹ̀ àti láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká. Ìlú náà di ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1995. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan sì wà nítòsí ihò náà báyìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe Arigbo ní Lourdes ti Áfíríkà. Mo rò pé ìfiwéra yìí ń fi nǹkan kan pamọ́. Ní Lourdes, níbi tí Bernadette Soubirous ti sọ ní ọdún 1858 pé òun rí Màríà, ihò Massabielle kì í ṣe ibi ọ̀wọ̀ tẹ́lẹ̀; ibi tí àwọn darandaran ń da ẹlẹ́dẹ̀ lọ ni. Àdúrà ni ó sọ ibẹ̀ di mímọ́. Ní Ìdáàṣà, ọ̀wọ̀ ti wà lára àwọn òkè kí ère tó dé. Ẹni tí ó gbé ère Màríà síbẹ̀ kò mú ibi lásán di mímọ́. Ó wọ inú ọ̀wọ̀ tí ó bá nílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka orúkọ náà sí nǹkan ńlá. Arigbo kò ti Róòmù wá. Orúkọ ilẹ̀ ni. Wọ́n lè sọ ọ́ ní Lourdes kékeré kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀, bí a ti ṣe ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Irú ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú Òkè Màríà ní Ọ̀tan Ayégbajú, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: a gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ Òkè Ìdànrè tàbí Òkè Ìbàdàn, etí Yorùbá kò sì rí i bí àjèjì.

Ẹ fi èyí wé ihò àpáta tí ó wà ní ọgbà ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ìlú ńlá wa, tí a fi sìmẹ́ńtì lẹ òkúta mọ́ òkúta kí ó lè jọ ti ilẹ̀ Faransé. N kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ń gbé àárín ìlú nílò ibi tí yóò kúnlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n òkúta àfọwọ́ṣe ni. Kò gba ẹnikẹ́ni là rí lọ́jọ́ ogun.

Èèwọ̀ àti ilẹ̀kùn tí ó ṣí

Ní báyìí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Kí ni ó pa ẹwà àwọn ibi wọ̀nyí mọ́ láti ìran dé ìran? Èèwọ̀ ni. A kì í dá oko níbẹ̀, a kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í ṣẹ́ igi níbẹ̀. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí Kristo Buase. Ní Boabeng àti Fiema, ní ẹkùn kan náà, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni pa ọ̀bọ inú igbó. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ìjọ kan, tí kì í ṣe Àgùdà, bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n láti fi hàn pé èèwọ̀ kò lágbára lórí àwọn. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ní láti gbé òfin jáde ní ọdún 1975 kí ìran àwọn ọ̀bọ náà má baà parun. Níbi tí ẹ̀sìn ti tú èèwọ̀ ká, òfin ìjọba ni a fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé kí ìjọ tún padà máa bọ Tano ni? Rárá o. Kì í sì í ṣe gbogbo èèwọ̀ ni ó dára. Èèwọ̀ tí ó ṣọ́ igbó ni ó tún ti obìnrin mọ́ta nínú igbó Orò, òun ni ó lé àlejò padà, òun ni ó fi ẹ̀rù sọ ènìyàn di ẹrú rí. Ìjọ wá, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ní Arigbo, ìyá arúgbó láti Tógò, ọmọ ilé-ìwé láti Kútọnu àti oníṣòwò láti Èkó lè kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú òkúta kan náà láìsí pé ẹnì kan béèrè ìdílé wọn. Lójú ẹni tí ó rántí ọdún 1969 àti ọdún 1983, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ibi ìsádi tí kò gba àlejò kò tíì pé ní ibi ìsádi.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni gbogbo ẹsẹ̀ ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ èrò ń fẹ́ omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibùdókọ̀, ilé oúnjẹ, gbohùngbohùn. Sìmẹ́ńtì tẹ̀ lé èrò, ariwo tẹ̀ lé sìmẹ́ńtì. Bí òfin 1983 bá sì jẹ́ pé iye èrò ni ó fi ń mọ ibi mímọ́, kò sí ohun tí yóò dá alábòójútó dúró láti máa fẹ ibẹ̀ lójú títí tí òkè yóò fi di ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí èèwọ̀ fi ẹ̀rù pa mọ́ ni ìfẹ́ lè bàjẹ́. Mo gbà pé ewu yìí tóbi ju ti ìbọ̀rìṣà tí àwọn oníwàásù kan ń bẹ̀rù ní irú ibi bẹ́ẹ̀.

Ìjọ ní ìmọ̀ tí ó lè fi yanjú ọ̀rọ̀ náà nínú àpò ara rẹ̀. Ní ọdún 601, Póòpù Gírégórì Àgbà kọ̀wé nípa àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tí ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn: kí wọ́n má wó ilé ìsìn àwọn ènìyàn náà, kí wọ́n kó òrìṣà inú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n yà á sí mímọ́, kí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn lè máa gba ọ̀nà tí ó ti mọ́ ọn lára. Ọ̀rọ̀ yìí ni a sábà máa ń tọ́ka sí bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ àti àṣà. Ṣùgbọ́n ilé ni Gírégórì ń sọ. Nígbà tí ilé ìsìn bá jẹ́ igbó, kí ni a lè sọ pé a kò wó? Kò sí ògiri, kò sí òrùlé. Ohun tí ó dúró gẹ́gẹ́ bí ògiri níbẹ̀ ni kí a má ṣe báyìí, kí a má ṣe bọ́ọ̀hún. Bí a bá mú gbogbo má ṣe kúrò, a ti wó tẹ́ḿpìlì náà, kódà bí a kò bá fọwọ́ kan òkúta kan ṣoṣo.

Póòpù Fransísì sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 2015 nípa ìtọ́jú ayé, Laudato si'. Ó sọ níbẹ̀ pé lójú àwọn ọmọ onílẹ̀, ilẹ̀ kì í ṣe ọjà, ẹ̀bùn Ọlọ́run àti ti àwọn baba ńlá wọn tí ó sinmi nínú rẹ̀ ni. Ìwé náà ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn ibi àdúrà tí ìjọ ń fi ẹwà wọn yangàn.

Kí ni ó ṣeé ṣe? Ilé àwọn mọ́ńkì ti fi ọ̀nà hàn. Ó gba àlejò, ó sì ní ààlà. Ibi ìrìnàjò mímọ́ ńlá náà lè ní ààlà tirẹ̀: òkè kan tàbí apá igbó kan tí sìmẹ́ńtì kò gbọdọ̀ dé láéláé, ọjọ́ tí gbohùngbohùn kì yóò sọ̀rọ̀, igi tí a kì í gé kódà nítorí pẹpẹ. Kí a pe àwọn àgbà ìlú, àwọn tí ìdílé wọn ti ń ṣọ́ ilẹ̀ náà, kí wọ́n jókòó nígbà tí a bá ń fa ààlà yìí. Àpẹẹrẹ wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, nígbà tí Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì lọ sí Togoville, ibi mímọ́ Màríà ní etí ọ̀sà Tógò, ó pàdé àwọn olórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan bínú sí i títí di òní. Lójú tèmi, àlejò tí ó kí onílé ni. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìgúnlẹ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìyìn ẹwà nìkan kò tó fún irú àwọn ibi àdúrà wọ̀nyí, nítorí ó gbàgbé ẹni tí ó tọ́jú ẹwà náà àti ohun tí ó fi tọ́jú rẹ̀. Mo sọ pé Kristo Buase àti Arigbo ṣe dáadáa ní ti orúkọ, àti pé ilé àwọn mọ́ńkì ní ẹ̀kọ́ kan láti kọ́ ibi tí èrò pọ̀ sí: bí a ti ń gba àlejò láìpàdánù ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Àwa olùkọ́ èdè náà ní iṣẹ́ tiwa. Bí a bá kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú tàbí Ìdáàṣà, kí a má jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán nìkan kí wọ́n sì máa lọ. Kí wọ́n bi àwọn àgbà ní orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan, ìdí tí ó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sá di í, àti ohun tí a kì í ṣe níbẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí a fi sọ ọ́ fún wọn. Òkè mọ́kànlélógójì kì í ṣe iye lásán. Orúkọ ni, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tí ó ṣì mọ̀ ọ́n lónìí.

Ọkọ̀ Aflao ṣì ń kó èrò ní Tudu. Nígbà tí mo dúró níbẹ̀, mo bi ọmọkùnrin kan tí ó ń to ẹrù sí ẹ̀yìn ọkọ̀ pé níbo ni òkè tí wọ́n fi sọ àdúgbò yìí lórúkọ wà. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ pé òkè kankan wà níbẹ̀. N kò fẹ́ kí ọmọ tí yóò máa to ẹrù ní Arigbo lọ́jọ́ iwájú dá arìnrìnàjò lóhùn bẹ́ẹ̀.